Bí Ọmọ Yín Ṣe Lè Rí Àyè ní Kita ní Ilẹ̀ Jámánì

Bí ẹ bá ti rí ilé gbé ní ilẹ̀ Jámánì, tí ọmọ yín kò sì tíì tó ilé-ìwé lọ, ọ̀rọ̀ Kita ló kàn. Kita ni orúkọ tí àwọn ará ibí ń pe jẹ́lé-ó-sinmi lápapọ̀. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, Krippe ni apá tirẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta títí tí yóò fi wọ ilé-ìwé ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, Kindergarten ni. Àwọn olùtọ́jú ọmọ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Tagesmutter. Ilé ara wọn ni wọ́n ti sábà máa ń tọ́jú ọmọ, wọn kì í gbà ju ọmọ márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìjọba ló sì ń fún wọn níwèé àṣẹ.

Nílé, ní Nàìjíríà, ìyá lè mú ọmọ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi àdúgbò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó san owó, kí ọmọ sì jókòó lọ́jọ́ náà. Níbí, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé òfin ti fún ọmọ yín lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè, àmọ́ ẹni tó bá jókòó sílé tó ń retí kò ní rí i. Ẹni tó tètè béèrè, tó sì ń béèrè léraléra, ni àyè ń kàn.

Ẹ̀tọ́ ọmọ yín

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2013, gbogbo ọmọ tó bá ti pé ọdún kan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè ní Kita tàbí lọ́dọ̀ Tagesmutter. Àwọn tó ti pé ọdún mẹ́ta ti ní ẹ̀tọ́ tiwọn láti ọdún 1996. Abala 24 nínú òfin tí wọ́n ń pè ní SGB VIII ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ni òfin fún ní ẹ̀tọ́ yìí, kì í ṣe òbí. Ìyá tó wà nílé tí kò ṣiṣẹ́ lè gba àyè fún ọmọ rẹ̀ bíi ti ìyá tó ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ọmọ kò bá tíì pé ọdún kan nìkan ni wọ́n máa ń wò ó bóyá òbí ń ṣiṣẹ́, ó ń kàwé, tàbí ó ń wá iṣẹ́.

Ẹ̀tọ́ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ gíga tó wà ní Karlsruhe dájọ́ pé òbí tí kò lè padà sẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ìlú kò fún ọmọ rẹ̀ ní àyè lè béèrè owó iṣẹ́ tó pàdánù, bí ó bá jẹ́ pé ìlú ló jẹ̀bi. Àmọ́ ẹni tó bá ti béèrè lákòókò, tí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló lè fọwọ́ sọ̀yà. Gbogbo lẹ́tà àti ímeèlì tí ẹ bá kọ, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ má sá fún Jugendamt

Jugendamt ni ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà. Wọ́n á ní Jugendamt ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, kí èèyàn má débẹ̀. Òótọ́ ni pé ó lágbára láti mú ọmọ tó wà nínú ewu kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì yìí kan náà ni òfin gbé ọ̀rọ̀ Kita lé lọ́wọ́. Òun ló ń wo iye owó tí ẹ ó san tàbí tí ẹ kò ní san, òun ló mọ Tagesmutter tó láyè, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ wá àyè fún yín bí gbogbo Kita bá ní àwọn ti kún. Òbí tó ń sá fún Jugendamt ń sá fún ẹni tó jẹ ọmọ rẹ̀ ní gbèsè. Ẹ lọ bá wọn, ẹ kí wọn, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Ìwé àdírẹ́sì ló ṣáájú. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá kó wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú tí wọ́n ń pè ní Bürgeramt. Ìwé tí wọ́n bá fún yín níbẹ̀ ni gbogbo ọ́fíìsì tó kù yóò máa béèrè.

Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí bí ìlú yín ṣe ń ṣe é, torí pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní Berlin àti Hamburg, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Kita-Gutschein. Òun ló ń sọ iye wákàtí tí ìjọba yóò sanwó rẹ̀ fún ọmọ lójúmọ́, ẹ̀yin ni ẹ ó sì mú un lọ sí Kita tó bá gbà yín. Ní Berlin, ẹ lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú ọjọ́ tí ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀, kó má sì dín ní oṣù méjì. Ní München, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní kita finder+. Ní Düsseldorf, Kita-Navigator ni. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ Nordrhein-Westfalen, níbi tí Köln àti Düsseldorf wà, òfin ní kí òbí sọ fún ìjọba ní oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, kó tó di ọjọ́ tó fẹ́ àyè.

Ẹ má forúkọ ọmọ sílẹ̀ níbì kan ṣoṣo. Ẹ wá gbogbo Kita tí ẹ lè rìn dé, kí ẹ sì kọ̀wé sí wọn. Àwọn kan jẹ́ ti ìlú, àwọn kan jẹ́ ti ìjọ Kátólíìkì tàbí ti Pùròtẹ́sítáǹtì, àwọn kan jẹ́ ti ẹgbẹ́ aláàánú bíi AWO. Àwọn tí òbí fúnra wọn dá sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Elterninitiative. Ibẹ̀ lè ní àyè, àmọ́ òbí ló ń ṣe ìpàdé, tó ń gbálẹ̀, tó sì ń se oúnjẹ nígbà mìíràn. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ má fo ti ìjọ Kristẹni kọjá láìbéèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ọmọ ẹ̀sìn gbogbo.

Oṣù kẹjọ ni ọdún Kita ń bẹ̀rẹ̀ níbi púpọ̀. Ní Bayern àti Baden-Württemberg, oṣù kẹsàn-án ni. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ tó dàgbà jù ní Kita ń lọ sí ilé-ìwé, tí àyè ń ṣí sílẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kàlẹ́ńdà ni àwọn ọ̀gá Kita sì ti ń pín àyè náà. Bí ẹ bá dé láàárín ọdún, ẹ má sọ̀rètí nù: àwọn ẹbí ń kó kúrò ládùúgbò, àyè wọn a sì ṣófo lójijì. Ẹni tí ọ̀gá Kita bá rántí ojú rẹ̀ ni yóò pè. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún òbí, ẹ mú ọmọ dání, ẹ sọ orúkọ yín. Lóṣooṣù, ẹ kọ ímeèlì kúkúrú pé ẹ ṣì ń wá àyè. Bí èdè Jámánì kò bá tíì dán lẹ́nu yín, ẹ bẹ ẹnì kan nínú ìjọ tàbí ní mọ́sálásí kó tẹ̀ lé yín. Abèèrè kì í ṣìnà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, ẹ kọ lẹ́tà sí Jugendamt: orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, iye wákàtí, àti orúkọ gbogbo Kita tó ti kọ̀ yín. Ẹ ní kí wọ́n fún yín lésì ní kíkọ sílẹ̀.

Ìwé tí wọn yóò béèrè

Wọn yóò béèrè ìwé ìbí ọmọ, páspọ̀ọ̀tù tàbí ìwé ìgbélùú, ìwé àdírẹ́sì, àti lẹ́tà ibi iṣẹ́ tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ bí ẹ bá fẹ́ wákàtí púpọ̀. Bí ìwé ìbí náà bá jẹ́ ti Nàìjíríà, wọ́n lè ní kí ògbufọ̀ tí ìjọba mọ̀ túmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára kò gba àwáwí. Láti oṣù kẹta ọdún 2020, Kita kò gbọdọ̀ gba ọmọ tó ti pé ọdún kan wọlé láìsí ẹ̀rí pé ó ti gba abẹ́rẹ́ measles, èyí tí wọ́n ń pè ní Masern. Ọmọ ọdún kan gbọ́dọ̀ ti gbà á lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ọdún méjì sókè, ẹ̀ẹ̀mejì. Ọmọ tí dókítà bá kọ̀wé fún pé ara rẹ̀ kò gbà á ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹ má ju káàdì abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún yín nílé nù. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní Kinderarzt, kó wo èyí tí ọmọ ti gbà àti èyí tó kù. Kita yóò tún béèrè ìwé pé dókítà ti bá yín sọ̀rọ̀ nípa àjẹsára ọmọ. Dókítà ọmọdé náà kì í tètè ní àyè, nítorí náà ẹ wá a ní kété tí ẹ bá dé.

Owó

Ní Berlin, Kita ti di ọ̀fẹ́ láti oṣù kẹjọ ọdún 2018; owó oúnjẹ, Yúrò 23 lóṣù, ni òbí ń san. Ní Hamburg, wákàtí márùn-ún lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní Niedersachsen, ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́ta kì í san fún wákàtí mẹ́jọ. Ní Nordrhein-Westfalen, ọdún méjì tó kẹ́yìn kí ọmọ tó wọ ilé-ìwé jẹ́ ọ̀fẹ́. Níbòmíràn, owó tó ń wọlé fún òbí ni wọ́n sábà fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá ń gba owó ìrànwọ́ ní Jobcenter, tàbí Wohngeld (owó ìrànwọ́ fún ilé gbígbé), tàbí Kinderzuschlag (àfikún owó ọmọ), òfin ti yọ yín nínú owó Kita láti ọdún 2019, ẹ sì lè béèrè kí ìjọba san owó oúnjẹ ọ̀sán. Àmọ́ ẹ̀yin ni ẹ ó béèrè fún un.

Nígbà tí ọmọ bá wọlé

Ẹ má gba iṣẹ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Kita bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pè ní Eingewöhnung: òbí á jókòó ti ọmọ lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, á jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á fi kún un díẹ̀díẹ̀, títí ọmọ yóò fi mọ olùtọ́jú rẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè gba ju oṣù kan lọ.

Ọmọ yóò ṣeré nínú òjò àti nínú ẹrẹ̀. Ẹ ra ṣòkòtò òjò tí wọ́n ń pè ní Matschhose, bàtà rọ́bà, bàtà inú ilé, àti aṣọ ìpààrọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ọmọ sára gbogbo wọn. Ẹ má bínú bí ẹ kò bá rí ABD nínú ìwé rẹ̀. Eré ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ orí yẹn lọ́dọ̀ wọn; kíkà àti kíkọ ń dúró de ilé-ìwé.

Ẹ bá olùtọ́jú sọ̀rọ̀ nípa ọmọ yín. Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọmọ dáadáa. Ẹ sọ fún un pé bí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí i, tàbí tó wolẹ̀ nígbà tí àgbà ń bá a wí, ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀rù. Bí ẹ kò bá ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé nìkan ni wọn yóò fa ọmọ lé lọ́wọ́, nítorí náà ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè bá yín mú un nígbà tí ọwọ́ bá dí.

Láti ọdún 2000 ni òfin ilẹ̀ yìí ti ka nínà ọmọ léèwọ̀, kódà fún òbí tó bí i. Bí Kita bá rí àpá lára ọmọ, òfin kò jẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Ọ̀nà mìíràn wà láti tọ́ ọmọ kó gbọ́ràn. Ẹ wá a.

Ẹ má sì torí Kita pa Yorùbá tì nílé. Ọmọ yóò gbọ́ èdè Jámánì lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́nu yín nìkan ni yóò ti gbọ́ tiwa. Ẹ máa bá a sọ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Bí ẹ bá ń ka ìtọ́sọ́nà yìí tí ẹ kò sì tíì forúkọ ọmọ sílẹ̀ níbì kankan, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ lónìí.