BÀTÀ TÍ Ó YẸ FÚN ERÉ BÁDÍMÍNTÌNÌ LÓRÍ ILẸ̀ SÌMẸ́ŃTÌ

Eré ìdárayá jẹ́ ohun rere fún ara, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ níbi eré ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kì yóò lè lọ sí oko ní ọjọ́ Ajé. Nítorí náà ó yẹ kí àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ kíyèsí ohun tí ẹsẹ̀ wọ̀, kí wọn tó kíyèsí ohun tí ọwọ́ mú.

Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Poona, ní ilẹ̀ Íńdíà, a máa gbá bádímíntìnì ní gbangba láàárín 1870 sí 1879. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ a máa gbé bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ náà kúrò lọ́nà; nítorí èyí ni a ṣe gbé eré náà wọ inú ilé, tí a sì ń ṣe bàtà rẹ̀ fún ilẹ̀ pákó. Ní ọ̀pọ̀ àgbàlá ilé-ìwé àti ti ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá, sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ ìṣeré.

Pákó a máa tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Sìmẹ́ńtì kì í tẹ̀, gìgísẹ̀ àti orúnkún ni ó sì ń gba ìyà rẹ̀. Bákan náà, sìmẹ́ńtì dàbí òkúta tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ: rọ́bà rírọ̀ tí ó wà lábẹ́ bàtà inú ilé yóò jẹ tán kíákíá, yóò sì máa yọ̀. Bàtà eré sísá kò yẹ pẹ̀lú. Ẹni tí ń lọ tààrà síwájú ni a ṣe é fún. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ga, ó sì rọ̀. Ẹni tí ń gbá bádímíntìnì a máa yà sọ́tùn-ún àti sósì lójijì, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì yẹ̀ lórí irú bàtà bẹ́ẹ̀.

Bàtà tẹ́níìsì ti ilẹ̀ líle ni ó dára jù. Báyìí ni kí a yẹ̀ ẹ́ wò:

1. Kí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ le, kí ó nípọn, kí ó fẹ̀, kí ó má sì ga.

2. Kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń ká ni kí ó ti ká, kì í ṣe ní àárín.

3. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí a wọ̀ ọ́ wò ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Kí àyè tó ìbú àtàǹpàkò wà níwájú, kí gìgísẹ̀ má sì yọ. Kí òbí má ṣe ra èyí tí ó tóbi jù nítorí pé ọmọ ń dàgbà.

4. Bí ó bá jẹ́ àlòkù, kí a wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ ju èkejì lọ, kí a fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn eré, kí a bọ́ ọ, kí a sá a sí afẹ́fẹ́, kí a sì fọ ìbọ̀sẹ̀, nítorí ọ̀rinrin a máa mú kí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ yún, kí ó sì bó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbá bọ́ọ̀lù lórí sìmẹ́ńtì tí ó tutù.

Bí ẹsẹ̀ bá rọ́, kí a dá eré dúró, kí a fi aṣọ tí a rì sínú omi tútù lé e, kí a sì gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Kí a má ṣe fà á. Bí kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí eegun lè ti ṣẹ́.

Ẹsẹ̀ méjì péré ni Ọlọ́run fún ènìyàn. Kí olúkúlùkù máa tọ́jú tirẹ̀.