Ọkọ̀ Tí Kò Fà Mọ́, Orí Tó Ń Fọ́ Awakọ̀

Lẹ́tà tó kọ́kọ́ tẹ abala ìmọ̀ràn ìlera lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí wá láti Bronx. Bàbá kan tó ń fi píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kó ẹ̀fọ́ àti èso láti ọjà Hunts Point lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ló kọ ọ́. Ọkọ̀ wọn ti lé lógún ọdún. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n kọ. "Ọkọ̀ mi ò fà mọ́. Bí mo bá ń gun afárá, tí mo tẹ tọ́rọ́tù dé ilẹ̀, ṣe ló máa ń ké lásán. Òórùn èéfín ń wọlé sí mi lára. Orí ń fọ́ mi, èébì sì máa ń gbé mi nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá sinmi lọ́jọ́ Àìkú, ara mi á yá. Mẹkáníìkì ní kí n pààrọ̀ fọ́ẹ̀lì pọ́ǹpù. Ìyàwó mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn ló gba àkíyèsí jù nínú lẹ́tà náà. Orí fífọ́ tó ń bá èèyàn wọ ọkọ̀, tó sì ń fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, inú ọkọ̀ ló yẹ kí wọ́n ti wá orísun rẹ̀. Kí bàbá náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí ni carbon monoxide, gáàsì tó máa ń wà nínú èéfín ọkọ̀.

Gáàsì yìí kò láwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta èèyàn lójú. Òórùn tí bàbá náà ń gbọ́ jẹ́ ti àwọn nǹkan mìíràn tó bá a jáde, nítorí náà bí òórùn bá lọ, gáàsì ṣì lè wà nílẹ̀. Bó bá ti gba ẹ̀dọ̀fóró wọ ẹ̀jẹ̀, á lọ lẹ̀ mọ́ hemoglobin, èròjà tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, kò sì ní jẹ́ kí ọ́síjìn ráyè. Ọpọlọ àti ọkàn ni ìyà rẹ̀ kọ́kọ́ ń jẹ: orí á máa fọ́, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, ara á rọ̀, èrò ọkàn á dàrú. Awakọ̀ tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń dàrú kì í sì í mọ̀ pé òun ò lè wakọ̀ mọ́. Ní Amẹ́ríkà, àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn sọ pé èèyàn tó lé ní 400 ni gáàsì yìí ń pa lọ́dọọdún láìka ti ilé tó jóná, àwọn tó lé ní 100,000 ló sì ń gbé dé yàrá pàjáwìrì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé. Bí bàbá náà bá dé ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ kékeré tí nọ́ọ̀sì máa ń kì bọ ìka lè sọ pé ọ́síjìn wọn pé, torí ẹ̀rọ náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ́síjìn àti carbon monoxide. Kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́: "Èéfín ọkọ̀ ń wọlé sí mi," kí wọ́n sì ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún carboxyhemoglobin, ìyẹn hemoglobin tí gáàsì náà ti lẹ̀ mọ́. Kí wọ́n lọ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Nínú atẹ́gùn lásán, ìdajì gáàsì náà máa ń kúrò lára láàárín wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, nítorí náà ẹni tó bá fi ọjọ́ kan sinmi kó tó lọ kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fi ọ́síjìn sí i nímú nílé ìwòsàn, wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ ni ìdajì yẹn ń gbà. Nọ́ńbà ibùdó ọ̀rọ̀ májèlé ìlú New York ni 212-764-7667, wọ́n sì ní ògbufọ̀. Ẹni tó bá ti dákú, 911 ni kí wọ́n pè.

Píkọ́ọ̀pù ní ewu tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1992, Neil Hampson àti Diane Norkool kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA nípa ọmọdé 20 tí wọ́n tọ́jú ní Seattle láàárín 1986 sí 1991, tí gáàsì yìí mú níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Mẹ́tàdínlógún wà lábẹ́ ìbòrí líle, mẹ́ta wà lábẹ́ tapólì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dákú, ọ̀kan kú. Gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyẹn, yálà páìpù èéfín wọn ti ń jò tí ẹni tó ni ọkọ̀ sì mọ̀, tàbí ẹnu rẹ̀ kọjú sẹ́yìn dípò ẹ̀gbẹ́. Bí bàbá náà bá ń fi tapólì bo ẹ̀fọ́, kò gbọdọ̀ sí ọmọ iṣẹ́ kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku ọkọ̀. Ohun tí ẹ́ńjìnnì fi ń fà ni atẹ́gùn, epo, iná pùlọ́ọ̀gì, àti pé kí èéfín rọ́nà jáde. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Fọ́ẹ̀lì pọ́ǹpù lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ra tuntun kí wọ́n tó fi géèjì wọn agbára epo, kí wọ́n sì ti wo éà fítà àti fọ́ẹ̀lì fítà. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó jáde láti 1996 ní ojú ìkọ́mpútà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kóòdù P0300 tó bá jáde níbẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ń mísfáyà. P0420 ń tọ́ka sí catalytic converter, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní kátálíìsì.

Kátálíìsì yìí ni àkọ́kọ́ nínú ohun tí a fura sí. Inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, ihò wẹ́wẹ́ ni èéfín ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni carbon monoxide ti ń di carbon dioxide. Bí pùlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì bá kú, epo tí kò jó á ṣàn débẹ̀, á jó níbẹ̀, ooru rẹ̀ á yọ́ àwọn ihò náà dí. Èéfín tí kò rọ́nà jáde kì í jẹ́ kí atẹ́gùn tuntun wọlé, ìyẹn ni ọkọ̀ fi ń ké tí kò lọ. Èéfín tó há náà á máa wá ojú jíjò kiri, iyọ̀ tí ìjọba ń dà sójú títì nígbà yìnyín sì ti jẹ páìpù àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ìlú yìí lójú.

Ní ṣọ́ọ̀bù tó dáa, irú èyí tó wà lábẹ́ ọ̀nà rélùwéè 4 ní Jerome Avenue, mẹkáníìkì á so géèjì vacuum mọ́ páìpù ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn. Bí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ géèjì yẹ kó wà láàárín 17 sí 21 ínṣì mákúrì. Kó wá tẹ tọ́rọ́tù dé 2,500 RPM, kó dì í mú. Bí ọwọ́ náà bá ń rọra lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kò padà, ọ̀nà èéfín ti dí. Kó tú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn iwájú, kó de géèjì mọ́ ojú rẹ̀. Bó bá ju 3 psi lọ, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kó tẹ́tí sí "tẹ-tẹ-tẹ" lábẹ́ ọkọ̀, kó sì wá ibi tí dúdú èéfín ti kùn páìpù. Ibẹ̀ ló ń jò. Kó tún pùlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì tó kú ṣe kó tó de kátálíìsì tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun náà á yọ́.

Kí wọ́n tó tún un ṣe, kí bàbá náà gbé ọkọ̀ yẹn kalẹ̀. Ṣíṣí fèrèsé kì í ṣe oògùn. Fèrèsé ẹ̀yìn tí wọ́n bá ṣí tiẹ̀ lè fa èéfín wọlé.

Ìyá kan ní Staten Island béèrè bóyá ó léwu láti máa yáná ọkọ̀ nínú gáréèjì tó lẹ̀ mọ́ ilé kí àwọn ọmọ tó jáde, bí ilẹ̀kùn gáréèjì bá ṣí sílẹ̀. Ó léwu gan-an. Kí wọ́n kọ́kọ́ wa ọkọ̀ síta; bó bá sì jẹ́ ìta ni ọkọ̀ sùn, kí wọ́n kó yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù kí wọ́n tó ṣíná. Nígbà ìjì yìnyín January 2016, tí yìnyín Central Park ga tó ínṣì 27.5, gáàsì yìí pa ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ méjì tó wà nínú ọkọ̀ ní Passaic, New Jersey. Wọ́n ń yáná níbẹ̀, yìnyín sì ti dí ẹnu páìpù. Òfin ìlú New York náà kò gbà kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó dúró máa ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé.

Ẹnìkẹta fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù kan láti fi ránṣẹ́ sí Cotonou. Àwọn kan ní kó gé kátálíìsì kúrò kí ọkọ̀ lè fà, kó sì ta á nítorí platinum, palladium àti rhodium inú rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Clean Air Act kò fàyè gba gígé e. Àwáwí pé epo ilẹ̀ wa máa ń bà á jẹ́ náà ti di ti àná: òjé inú epo ló ń pa kátálíìsì, àwọn ìjọba sì ti fẹnu kò ní Dakar lọ́dún 2001 láti yọ ọ́. Nígbà tí 2006 bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà ti fi í sílẹ̀. Kí arákùnrin náà bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ kó tó sanwó; bó bá bá páìpù gbọọrọ níbi tó yẹ kí kátálíìsì wà, kó yọ owó kátálíìsì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pe ọkọ̀ náà.