Yíyan Agbàlejò fún Ìsọ̀ Orí Ayélujára: Àgbéyẹ̀wò Kan láti Ugbe-Àkókó

Ìfáárà

Títà àti rírà lórí ayélujára kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti ọdún 2012 tí Jumia àti Konga ti pàtẹ ní Èkó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ bí a ṣe ń ra bàtà tàbí fóònù láìfi ẹsẹ̀ tẹ ọjà. Ohun tí ó kàn wá nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ọlọ́jà kékeré tí kò fẹ́ máa tà lórí àtẹ ẹlòmíràn, tí ó fẹ́ ní ìsọ̀ tirẹ̀. Irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi kan tẹ́lẹ̀ rí, ọmọ Ugbe-Àkókó, tí ó ń ta epo pupa, gààrí, èlùbọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ fún àwọn ọmọ Àkókó tí ó wà lẹ́yìn odi. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó bí bébà yìí. A gbà pé ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ èdè Yorùbá gan-an, kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn láìpẹ́.

Ohun tí à ń pè ní agbàlejò

Kò sí ìkànnì tí kò ní kọ̀ǹpútà kan tí ó ń gbé. Orí kọ̀ǹpútà yẹn ni àwòrán ọjà, iye owó àti àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà wà. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, nítorí pé oníbàárà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ ìgbà tí iná lọ ní Ìkàrẹ́. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ̀rọ amúlétutù àti okùn ayélujára tí ó péye ni a ti ń háyà ààyè. Iṣẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní web hosting. Agbàlejò ni a ó máa pe ẹni tí ó ń ṣe é nínú iṣẹ́ yìí.

Ààyè tí agbàlejò ń fúnni kì í ṣe irú kan náà. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù dà bí yàrá kan nínú ilé ayágbé: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkànnì ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà kan, kànga kan ni gbogbo wọn sì ń pọn. Bí aládùúgbò bá gba èrò lálejò, omi lè má kan ẹni tí ó kù. Òmíràn dà bí ilé odindi tí ó ní mítà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ayálégbé ni yóò máa gbá a, tí yóò sì máa tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ dá a gbà. Ẹ̀kẹta ni ìsọ̀ tí a ti kọ́, tí a ti kan òrùlé rẹ̀, irú èyí tí Shopify ti orílẹ̀-èdè Kánádà ń háyà láti ọdún 2006. Ọlọ́jà kò ní ju kí ó to ẹrù rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè yẹ ògiri kan. Ní tèmi, yàrá inú ilé ayágbé tó fún ẹni tí kò tíì máa rí ju ogún oníbàárà lọ lóòjọ́. Kí a má kàn gba ọ̀rọ̀ àwọn tí ń polówó “àìlópin” gbọ́. Òpin náà wà nínú ìwé àdéhùn, níbi tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sí.

Bákan náà ni ìlérí pé ìkànnì yóò ṣí ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò. Etí gbọ́ ọ, ó dùn. Ṣùgbọ́n ìdá kan tí ó kù lọ́dún kan ju ọjọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Ìdá 99.9 kò gba ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ́dún. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ bá tì ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì yóò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Agbàlejò tí kò mọ Yorùbá kọ

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka tiwa. Ní ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí mú fóònù rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. “Ẹ wò ó, sà,” ó ní, “bí ọjà mi ṣe dà.” Mo wò ó. Gààrí wà bí ó ti yẹ kí ó wà. Epo pupa náà pé. Ṣùgbọ́n “èlùb??” ni mo rí ní ipò èlùbọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ti di “??g??d??”. Ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ni wọ́n kó ìsọ̀ náà kúrò lọ́dọ̀ agbàlejò kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn tí ó dín owó.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Inú àká ìsọfúnni ni orúkọ ọjà ń gbé, ọ̀pọ̀ agbàlejò sì ń lo èyí tí a ń pè ní MySQL, tí ilé-iṣẹ́ kan ní Sweden gbé jáde ní ọdún 1995. Títí di ọdún 2018 tí ẹ̀dà 8.0 rẹ̀ jáde, latin1 ni ó fi ń kọ nǹkan bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un pé kí ó ṣe ọ̀tọ̀. Àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Europe ni a ṣe latin1 fún. Ó mọ à, é, ì àti ù, nítorí pé àwọn Faransé àti àwọn ará Ítálì ń lò wọ́n. Kò mọ ẹ, ọ àti ṣ, kò sì mọ ń àti ǹ. Ohun tí kò mọ̀ ni ó fi àmì ìbéèrè rọ́pò. Àmì méjì ni ó fi rọ́pò ọ̀, nítorí pé lẹ́tà ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, àmì ohùn orí rẹ̀ náà sì ní tirẹ̀.

Èyí ni ó jẹ́ kí àṣìṣe náà fara pamọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kó ẹrù náà ti dán ibẹ̀ wò. Gààrí ni ó fi dán an wò, gààrí sì jáde ní pípé. Bí ó bá ṣe pé èlùbọ́ ni ó kọ́kọ́ kọ ni, àṣírí ì bá tú lọ́jọ́ náà. Èyí tí ó burú jù ni pé lẹ́tà tí ó ti di àmì ìbéèrè nínú àká kò ṣeé dá padà. Kò sí ohun kan lábẹ́ àmì náà tí a lè hú jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni obìnrin náà fi tún orúkọ ọjà àti àlàyé wọn tẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọlọ́jà Yorùbá yóò bi agbàlejò, nígbà náà, ni bóyá UTF-8 ni àká ìsọfúnni rẹ̀ fi ń kọ nǹkan. Utf8mb4 ni orúkọ tí MySQL ń pe èyí tí ó péye. Ọ̀rọ̀ kejì wà nínú rẹ̀ tí yóò ya olùkọ́ èdè lẹ́nu. Bí a bá ń wá ọjà, MySQL 8.0 kì í ka àmì sí àfi bí a bá pàṣẹ fún un: ọkọ́, ọkọ̀ àti oko, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Àwa tí a ń fi ohùn gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè bínú sí i. Èmi rò pé ó dára bẹ́ẹ̀ nínú ìsọ̀, nítorí pé “ogede” lásán ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń tẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tí ó ń wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní torí pé ó kan ògèdè lọ́nà kí ó padà sílé.

Orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé?

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ ìkànnì kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ààyè tí ìkànnì ń gbé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan náà ni a sábà máa ń rà wọ́n sí. Ọdọọdún ni à ń san owó orúkọ. Ẹgbẹ́ NiRA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, ni ó ń bójú tó gbogbo orúkọ tí ó parí sí .ng. Nígbà tí a yẹ ìwé orúkọ ìsọ̀ yìí wò, orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn àti í-meèlì rẹ̀ ni a bá níbẹ̀. “Àbúrò mi ni, sà,” ni obìnrin náà wí, “kò lè ṣe mí níbi.” Àbúrò náà kò sì ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó ti ń múra àtilọ sókè òkun, bí ó bá sì gbàgbé í-meèlì yẹn, ìránnilétí owó ọdún tí ń bọ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni ó lóun. A yí i padà lọ́sẹ̀ náà.

Èkó tàbí òkè òkun?

Kí ọlọ́jà kọ́kọ́ mọ ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà. Ìbéèrè láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù àti ìdáhùn rẹ̀ ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Èyí kò pọ̀ fún ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ojú ewé kan lè béèrè nǹkan lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó ṣí tán. Àwòrán ọjà tí ó wúwo ju gbèdéke lọ ń fa ìdádúró ju òkun lọ, kò sì sí agbàlejò tí ó lè gba ọlọ́jà lọ́wọ́ èyí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Ilé ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà rí wàhálà rẹ̀. Ìkànnì tí ó ń gbé ní Èkó, tí ó so mọ́ ìkóríta IXPN tí àwọn ilé-iṣẹ́ ayélujára ilẹ̀ wa ti ń pàdé, kò nílò láti la òkun kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ní Ọ̀kà tàbí Àkùngbá. Ṣùgbọ́n kí a béèrè ibi tí kọ̀ǹpútà wà gan-an, nítorí pé ọ́fíìsì lè wà ní Èkó kí kọ̀ǹpútà wà ní Jámánì.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦460 lọ ní iye tí ìjọba mọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ó ti kọjá ₦1,400. Agbàlejò tí ó ń gba dọ́là mẹ́wàá lóṣù kò fi kọ́bọ̀ kan lé e, síbẹ̀ owó náà di ìlọ́po mẹ́ta lọ́wọ́ ọlọ́jà Ugbe. Ní ọdún 2022 pàápàá, ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ dá lílo káàdì náírà fún ìsanwó òkè òkun dúró. Bí àwọn tí ń rà bá pọ̀ ní Nàìjíríà, mo fara mọ́ agbàlejò tí ó ń gba náírà. Kí ọlọ́jà má sì tọ́jú nọ́ńbà káàdì oníbàárà sórí ìkànnì rẹ̀ láé. Iṣẹ́ Paystack, Flutterwave tàbí Interswitch nìyẹn. Orúkọ àti àdírẹ́sì tí ó kù sí i lọ́wọ́ náà wà lábẹ́ òfin ààbò ìsọfúnni tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2023.

Kíkó ẹrù jáde

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, iná jó ilé kọ̀ǹpútà kan tí OVHcloud ní ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, kanlẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà rò pé àwọn ní ẹ̀dà àfipamọ́, àfi ìgbà tí àwọn kan rí i pé ibi kan náà ni ẹ̀dà náà wà pẹ̀lú ojúlówó. Mo wá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mi má san owó ọdún kan fún agbàlejò tuntun kankan. Kí ó san ti oṣù kan, kí ó kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, èlùbọ́, ẹ̀wà àti ṣíbí sínú ìsọ̀, kí ó kó gbogbo rẹ̀ jáde sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ó sì ṣí i níbòmíràn láìbẹ agbàlejò. Agbàlejò kan kọ̀ jálẹ̀ pé òṣìṣẹ́ òun nìkan ni ó lè kó ẹrù jáde, pẹ̀lú owó. Ìkejì gbà, ṣùgbọ́n àmì ìbéèrè ni ó kó fún un. Lọ́dọ̀ ìkẹta, ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde pẹ̀lú àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta orí rẹ̀ àti àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìsọ̀ náà sì wà títí di òní. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, ó ń da ẹ̀dà kan sórí fílásì, ó sì ń fi í sínú àpótí ìyá rẹ̀ ní Ugbe.