Àwọ̀ Wo La Ó Fi Kun Ilà Ara Ìwo?

Ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé òkè òkun ló ń fọwọ́ ara wa fín ìwo tí a fẹ́ gbé sí ojúbọ Ọya. Abẹ́rẹ́ mímú àti sùúrù ni fífín gbà. Àwọ̀ tó máa wọnú ilà ló ń fa àríyànjiyàn. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé mọ pupa mọ́ Ọya, kíá, osùn la ń mú. Èmi ní ká kọ́kọ́ wo ìwo fúnra rẹ̀ ná.

Ìwo ẹfọ̀n dúdú. Osùn tó bá gbẹ sínú ilà rẹ̀ kò ní hàn sí ẹni tó dúró díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹfun ló yẹ ibẹ̀. Ìwo màlúù tó mọ́ bíi wàrà ló gba osùn tàbí èédú tí a lọ̀ kúnná. Àwọn tó ń pa àbùùbùtán ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un mọ èyí: eyín funfun ni wọ́n ń fín, dúdú ni wọ́n ń fi kùn ún.

(Ẹ̀yin tó ń kọ́ èdè, ẹ ṣọ́ ohùn o: ẹfọ̀n ni ẹranko, ẹ̀fọn ló ń jẹni lálẹ́, ẹfun ni nǹkan funfun.)

Kí la ó fi pò ó? Omi kò dáa, torí òógùn ọwọ́ á fọ̀ ọ́ kúrò. Epo pupa kì í gbẹ, á kàn máa yí ọwọ́ àti aṣọ ni. Àdín náà kì í gbẹ, èèwọ̀ Èṣù sì ni. Òróró linseed ní tirẹ̀ máa ń gbẹ, á sì le. Ẹ fi díẹ̀ po ẹfun tàbí osùn títí á fi ki bí òrí.

Kí ẹ tó fín in, ẹ dán ìwo náà dáadáa, kí ẹ fi ìda oyin pa á lára, kí àwọ̀ má baà wọ ibi tí a kò fín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tẹ àwọ̀ sínú ilà, kí ẹ fi aṣọ nu òkè rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọ̀ méjì, ẹ fín ti àkọ́kọ́, ẹ kùn ún, kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tó fín ìkejì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á dà pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nídìí ìwo, níbi tójú kò tó.

Ṣé osùn wá sọnù nìyẹn? Rárá o. Ẹfun lè wà nínú ilà, ká sì fi osùn ra ìwo lára lọ́jọ́ ọdún. Pupa á wà níbẹ̀, ọnà náà á sì hàn.

Ṣùgbọ́n ìwo tó bá ti jẹbọ, ẹ má fi abẹ́rẹ́ kàn án láìbi ìyálórìṣà tàbí bàbálórìṣà yín. Ohun tí ilé bá sọ ló borí ohun tí mo kọ síbí.

Ọya á gbè wá o. Àṣẹ.