Ṣé ọdún márùn-ún mi tó fún EB-2?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, Houston ni mo wà, físà H-1B ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ mi ti gbà láti bá mi wá gríìn káàdì. Mo gba B.Sc. kọ̀ǹpútà ọlọ́dún mẹ́rin ní Nàìjíríà lọ́dún 2015, mi ò ṣe másítáàsì. Kebbi ni mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣiṣẹ́ ní Yaba, l'Ékòó, láti January 2017 títí di June 2022, kí n tó wá síbí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní B.Sc. pẹ̀lú ọdún márùn-ún ti di másítáàsì tí EB-2 ń béèrè, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mí sí EB-3, ìsọ̀rí gríìn káàdì tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ ní Yaba, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń tún ṣe, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ kíkọ sọ́fítíwià lé mi lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ ọ̀hún sì ti kógbá sílé. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní HND náà ní kí n bá òun béèrè bóyá ọ̀nà wà fún òun.
— Ọmọ Ìbàdàn, Houston

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú àjò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́. Wọ́n kàn sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì ni. Lóòótọ́ ni òfin Amẹ́ríkà gbà pé B.Sc., pẹ̀lú ọdún márùn-ún ó kéré tán nínú iṣẹ́ tí èèyàn kọ́, dọ́gba pẹ̀lú másítáàsì fún EB-2. Ìrírí náà gbọ́dọ̀ wáyé lẹ́yìn dìgírì, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ojúṣe ibẹ̀ ń wúwo sí i.

Ohun tí wọn kò sọ fún ọ ni pé kì í ṣe ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ máa wò. Iṣẹ́ náà ni. Ilé-iṣẹ́ rẹ máa kọ́kọ́ gba ìwé PERM lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa kọ ọ́ sílẹ̀ ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè, ó kéré tán. Bí wọ́n bá kọ B.Sc. nìkan, kódà kí o ní Ph.D. méjì, EB-3 ni. Wọn ò sì lè fẹ ọ̀rọ̀ lójú nítorí tìrẹ, torí wọ́n gbọ́dọ̀ polówó iṣẹ́ náà fáwọn ọmọ Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n bá kọ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ gan-an. Nítorí náà, ìbéèrè tí o máa kọ́kọ́ bi HR kì í ṣe "Ṣé EB-2 lẹ máa fi mí sí?" bí kò ṣe "Kí ni iṣẹ́ yìí ń béèrè?"

Ó dáa, jẹ́ ká ka ọdún rẹ. Kebbi kò sí níbẹ̀: ìṣirò lo kọ́ wọn, o ò kọ sọ́fítíwià. Ẹni tó bá ṣe àgùnbánirọ̀ nídìí iṣẹ́ tó kọ́ lè kà á mọ́ ọn, kódà bí sátífíkéètì kò bá tíì jáde. Ìpinnu kan tí USCIS, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìwé gríìn káàdì wò, tẹ̀ lé láti 2017 gbà pé ìwé ẹ̀rí onígbà díẹ̀ lè tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ìkà, bí èèyàn bá ti parí gbogbo ohun tí dìgírì ń béèrè tí ẹ̀ka tó yẹ ní yunifásítì sì ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ju irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù, ẹ lọ wá a.

Yaba jẹ́ ọdún márùn-ún ààbọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọdún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò, ó ku mẹ́rin ààbọ̀. Ìrírí Houston ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà lo ti ní in, wọn kì í sì í gbà á, àyàfi tí iṣẹ́ tí ò ń ṣe tẹ́lẹ̀ bá yàtọ̀ sí tuntun yìí ju ìdajì lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi PERM sílẹ̀ ni orúkọ rẹ wọ ìlà, ọjọ́ yẹn náà sì ni gbogbo ẹ̀rí gbọ́dọ̀ pé. Másítáàsì tó bá parí lóṣù tó tẹ̀ lé e kò wúlò fún ẹjọ́ yẹn.

Lójú tèmi, gba EB-3. B.Sc. rẹ kún ojú ìwọ̀n rẹ̀, káàdì tí wọ́n máa fún ọ kò sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó gba EB-2. Àwọn tí EB-3 máa ń bà lẹ́rù jù ni àwọn ará Íńdíà, tí ìlà tiwọn gùn gan-an, nítorí orílẹ̀-èdè kan kì í sábà gbà ju ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú nǹkan bí 140,000 físà iṣẹ́ tó wà lọ́dọọdún. Nàìjíríà kò sí nínú ìlà yẹn. Bí I-140 EB-3 rẹ, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ máa fi bẹ̀bẹ̀ fún ọ lọ́dọ̀ USCIS, bá gba ìfọwọ́sí, tí iṣẹ́ mìíràn sì ṣí EB-2 sílẹ̀ fún ọ lọ́jọ́ iwájú, wàá gbé ọjọ́ ìlà àkọ́kọ́ yẹn dání lọ. H-1B rèé, kì í sábà kọjá ọdún mẹ́fà. Má fi ìgbéraga ṣòfò àkókò.

Wàhálà gidi ni ti ilé-iṣẹ́ tó kógbá sílé. Lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ lo nílò, mo sì mọ irú èyí tá a máa ń gbà nílé: pé lágbájá bá wa ṣiṣẹ́, pé ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì mọ́ra. USCIS kò fẹ́ mọ̀ bóyá o bẹ̀rù Ọlọ́run. Ohun tí wọ́n ń wá ni orúkọ, àdírẹ́sì àti ipò ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ tí o wọlé àti ọjọ́ tí o jáde, àti iṣẹ́ tí o ṣe ní kúlẹ̀kúlẹ̀: sọ́fítíwià wo, fún ta ni, ìgbà wo ni wọ́n fi ọ́ ṣe olórí àwọn míì. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti kú, òfin gbà kí o mú ẹ̀rí mìíràn wá. Wá ọ̀gá rẹ àtijọ́ rí, kó kọ lẹ́tà náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣàkóso rẹ, kó sì búra sí i. Fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àti ti ìgbéga tì í, àti àkọsílẹ̀ báńkì tó fi owó oṣù hàn. Bí wọ́n bá yọ owó pẹ́ńṣọ̀n fún ọ, gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀: oṣù kọ̀ọ̀kan ló máa hàn níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ tó san án. Ìwé yìí ṣòro láti jiyàn rẹ̀.

Kí ó tó di pé o fọwọ́ sí ohunkóhun, bi lọ́yà nípa àṣẹ tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ní December 2025, tó fi Nàìjíríà sí ara àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá físà ìgbélùú dúró fún láti January 2026. Jẹ́ kó sọ bó ṣe kan irú ẹjọ́ tìrẹ gan-an.

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ le díẹ̀. EB-3 àwọn oníṣẹ́ ìwé ń béèrè dìgírì pọ́ńbélé, ìrírí kì í rọ́pò rẹ̀, orúkọ HND kì í sì í ṣe dìgírì. Àwọn kan lè bá a kọ ìwé pé ó dọ́gba, ṣùgbọ́n èrò lásán ni ìyẹn lójú USCIS. Ọ̀nà tó ṣí ni EB-3 àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, tó ń béèrè ọdún méjì ìrírí tàbí ẹ̀kọ́ iṣẹ́, bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ ẹ, tí wọ́n sì kọ HND, tàbí irú rẹ̀, sínú ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè kí wọ́n tó polówó rẹ̀ rárá. Sọ fún un pé láti 2007 ni òfin ti là á sílẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ ni kó san owó PERM, títí kan ti lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ní kó kó mílíọ̀nù wá fún PERM, owó rẹ̀ ni onítọ̀hún ń wá.