Ọwọ́ Iná Alùpùpù: Ẹ̀kọ́ Ọgbọ́n àti Ẹ̀kọ́ Èdè Láti Ìpókíá

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó ti tó ìgbà mẹ́ta tí mo ti kọ òwe yìí sínú ìwé ìdánwò kí n tó mọ̀ pé a lè fi wáyà àti rúlà wọn òtítọ́ inú rẹ̀. Alùpùpù ló kọ́ mi.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń kọ̀wé lórí alùpùpù nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa. Ohun méjì ni mo fẹ́ fi hàn. Èkíní ni bí a ṣe lè tún ọwọ́ tí a fi ń fún alùpùpù níná ṣe, kí ó lè máa rìn jẹ́jẹ́ níbi tó yẹ kí ó ti rọra. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ tí kò yé ni yékéyéké lè ṣe ènìyàn léṣe, gẹ́gẹ́ bí irin tí kò dára ṣe lè ṣe é.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, kò sì parí títí di oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wà nílé ní Ìpókíá. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ní alùpùpù kan tó fi ń ṣe iṣẹ́ ọ̀kadà. Òun ló máa ń gbé ìyá mi àti gàrí rẹ̀ lọ sí Agósásà.

Àrùn kan ń ṣe alùpùpù yìí. Bí ó bá ń sáré, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí Bàbá Kékeré bá dẹwọ́ kí ó lè yà ní kọ́nà, tó sì tún fún un níná díẹ̀, yóò kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́, lẹ́yìn náà ni yóò ta gìrì lọ síwájú. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan, ó ní, "Ẹ bá mi wo iná rẹ̀, kò gbọ́ràn mọ́." Ọmọṣẹ́ tó bá níbẹ̀ wo iná iwájú, ó pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀, ó gbowó. Ọmọ náà kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Iná ni wọ́n ní kí ó wò, iná náà ló sì wò.

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn òjò, wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ilẹ̀ pupa sì ń yọ̀. Ìyá mi ní, "Ọkọ mi, ẹ rọra o." Bàbá Kékeré rọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fún un níná padà, alùpùpù ta gìrì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yọ̀, ìyá mi àti àpò gàrí sì ṣubú lulẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi lè yan gàrí, gàrí yìí ló sì ń san owó ilé ìwé àbúrò mi.

Inú bí mi sí Bàbá Kékeré. Mo rò pé ọwọ́ rẹ̀ ló wúwo. Ní ọjọ́ kejì, mo gun alùpùpù náà fúnra mi ní pápá ilé ìwé kan, mo sì ṣe é ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí mo ti lè ṣe é tó. Ó ta gìrì lábẹ́ tèmi náà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ jókòó lọ́dọ̀ àgbà mẹkáníìkì kan lẹ́bàá ọ̀nà, tí mo ń pè ní Ọ̀gá. Ibẹ̀ ni mo wà títí ilé ìwé fi ṣí.

Iná, ọ̀rọ̀ onípọ́n-na

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ Bàbá Kékeré wò. "Iná alùpùpù yìí kò dára" jẹ́ gbólóhùn onípọ́n-na. Ó lè jẹ́ iná tí a fi ń ríran lálẹ́. Ó lè jẹ́ iná bátìrì. Ó lè jẹ́ iná tí púlọ́ọ̀gì ń ta nínú ẹ́ńjìnnì. Ó sì lè jẹ́ agbára tí ọwọ́ ọ̀tún awakọ̀ ń fún ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì tún ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè ní tírótù.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí lọ́dọ̀ Ọ̀gá ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń tú pọ́n-na yìí. Iná iwájú ni a ń tàn. Iná púlọ́ọ̀gì ni ó ń ta. Iná tírótù ni a ń tẹ̀, tàbí tí a ń fún alùpùpù. Nínú mọ́tò, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́, ìdí nìyí tí èrò fi ń pariwo pé, "Dírẹ́bà, tẹná!" Lórí alùpùpù, ọwọ́ la fi ń yí i, síbẹ̀ a ṣì ń sọ pé ẹni náà tẹná. Bí Bàbá Kékeré bá sọ pé, "Bí mo bá fún un níná díẹ̀, ó ń ta gìrì," kò sí ọmọṣẹ́ tí yóò pààrọ̀ gílóòbù.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà níbẹ̀ tó yẹ kí a kọ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí a kò fún un níná rárá, sìló ni wọ́n ń pe ìyẹn: "Kò di sìló mú" túmọ̀ sí pé ó ń kú bí a bá dẹwọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà fúnra rẹ̀ wá láti ara Okada Air, ilé iṣẹ́ bàálù tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tó fi orúkọ ìlú Okada sọ. Ní òdìkejì ẹnubodè wa ní Ìdírókò, zémidjan ni wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá".

Bí iná ṣe ń dé inú ẹ́ńjìnnì

Nínú kábúrétọ̀ ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ. Nínú irú èyí tó wà lára púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù kékeré àtijọ́, irin kan wà tó ń lọ sókè sódò bí ọmọ odó nínú odó. Ọmọ kábúrétọ̀ ni n óo máa pè é. Wáyà so mọ́ ọn láti ọwọ́ ọ̀tún awakọ̀. Bí a bá yí ọwọ́, wáyà yóò fà á sókè. Bí a bá dẹwọ́, sípíríǹgì yóò tì í padà sísàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan so mọ́ ìdí rẹ̀, ó wọ inú ihò tí epo ń gbà jáde.

Ibi tí ọmọ yìí bá dúró sí ló ń sọ ohun tó ń bọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá wà nílẹ̀ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, ihò epo kékeré ti sìló ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ó bá súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, bí wọ́n ṣe gé ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Láti ibẹ̀ dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, abẹ́rẹ́ ló ń pàṣẹ. Lókè pátápátá ni ihò epo ńlá ti ń gbapò. Nítorí náà, alùpùpù lè sáré dáadáa kí ó sì máa ṣe wèrè ní kọ́nà, nítorí pé ihò tó ń lò níbi méjèèjì yàtọ̀.

Ohun tí a ṣe

Mo fẹ́ kí a tú kábúrétọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá ní, "Fi í sílẹ̀. Wo ṣéènì ná."

Ṣéènì ti dẹ̀ jù. Bí a bá fún ẹ́ńjìnnì níná, yóò kọ́kọ́ gba ìdẹ̀ yẹn tán kí ó tó fa táyà, ìgbà náà ni yóò wá jà á lójijì. A fà á títí ó fi kù bíi mílímítà 25 tí ìka lè gbé e sókè sódò.

Wáyà ni a bọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀. Ó yẹ kí ọwọ́ yí díẹ̀ kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, bíi mílímítà 2 sí 6 ní etí ọwọ́. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15. Ìdí nìyí tí alùpùpù fi ń dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́: awakọ̀ yóò yí i, kò ní rí nǹkan kan, yóò tún yí i sí i, gbogbo rẹ̀ yóò sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. A fa wáyà náà le níwọ̀n, a sì kán epo ẹ́ńjìnnì sínú àpò rẹ̀ títí ó fi ń yọ̀.

Ẹ̀yìn èyí la wá tú kábúrétọ̀. Ihò kékeré ti sìló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Èyí kò ya ará Ìpókíá lẹ́nu. Ní oṣù kọkànlá 2019, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe já epo mọ́ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Láti ìgbà náà ni Bàbá Kékeré ti mọ́ epo inú kẹ́ẹ̀gì lára, ìdọ̀tí inú kẹ́ẹ̀gì sì ń bá epo lọ. A fọ ihò náà, a fẹ́ ẹ. Ọ̀gá rọra dé sukúrù afẹ́fẹ́ títí ó fi kanlẹ̀, ó tú u padà ní ìyípo kan àti ààbọ̀, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì sì ti gbóná, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi dún wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà náà ló tó wá fi sukúrù sìló mú un wálẹ̀.

Alùpùpù sàn gan-an. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìyá mi jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù, ó ṣì máa ń yá ju ọwọ́ lọ díẹ̀. Ibí yìí ni àtúnṣe gan-an bẹ̀rẹ̀.

Ìkáwáyà

Nínú ọwọ́ iná, ibi róbótó kan wà tí wáyà ń ká mọ́. Mo sọ ọ́ ní ìkáwáyà, bí a ti ń sọ pé ìgbálẹ̀ àti ìbòrí. Mo fi okùn àti rúlà wọn tiwa. Láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ mílímítà 16. Bí okùn bá yí i po tán, yóò gùn tó nǹkan bí 100. Nítorí náà, bí a bá yí ọwọ́ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo, wáyà yóò fà tó mílímítà 25. Ọmọ kábúrétọ̀ wa kò sì nílò ju 20 lọ láti ṣí tán. Ó túmọ̀ sí pé ọwọ́ kò tíì yí tán tí gbogbo iná ti dé.

Nínú àpótí àlòkù Ọ̀gá, a rí ọwọ́ iná mìíràn tí ìkáwáyà rẹ̀ kéré. Mílímítà 12 ni láti àárín dé etí. Òun ká okùn tó nǹkan bí 75, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 19. Ọwọ́ kan náà, yíyí kan náà, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin iná ti dín. Bí ọwọ́ Bàbá Kékeré bá gbọ̀n nínú kòtò, ohun tó ń dé ẹ́ńjìnnì kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tó fi san án ni pé bí ó bá fẹ́ iná tán pátápátá, ó ní láti yí ọwọ́ díẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń fi alùpùpù sáré ìdíje fi ń wá ìkáwáyà ńlá, tí ẹni tó ń gbé aboyún àti àgbàlagbà lórí ilẹ̀ yíyọ̀ sì nílò kékeré.

Ìkìlọ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fáìlì rẹ́ ìkáwáyà tó wà lára alùpùpù rẹ̀ láti mú un kéré. Bí wáyà bá yọ kúrò nínú ojú ọ̀nà rẹ̀ tó sì há, iná kò ní padà wálẹ̀ mọ́, ikú sì lè ti ibẹ̀ wá. Èyí tí a bá fi rọ́pò gbọ́dọ̀ bá orí wáyà àti irin ọwọ́ mu. Lẹ́yìn tí a bá dè é tán, kí a tan ẹ́ńjìnnì lórí ìdúró, kí a yí ọwọ́ alùpùpù sósì pátápátá, kí a tún yí i sọ́tùn-ún. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, wáyà ti le jù. Bí a bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ kíá.

Ohun tó kàn wá

Ní 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tó fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Apá kejì, lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, tẹ̀ lé e ní 1990. Inú wọn ni a ti ń rí ọ̀rọ̀ fún gírámà, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, àwa la ń jẹ èrè rẹ̀ nínú kíláàsì lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì tán, kò sì yẹ kí ó jẹ́ pé inú yàrá ìkàwé nìkan la ó ti máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ọ̀gá kò ka ìwé kankan lórí ọ̀rọ̀-ìṣe, síbẹ̀ ó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín iná tí a tàn, iná tó ta àti iná tí a fún. Nígbà tí mo sọ ìkáwáyà fún un, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbọ́ tó ń sọ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé, "Mú ìkáwáyà yẹn wá." Mo rò pé ìdánwò tí ọ̀rọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ yege nìyẹn: kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí lè lò ó láìronú.

Ìgúnlẹ̀

Ọwọ́ ìyá mi ti san. Alùpùpù kan náà ló ń gbé e lọ sí Agósásà títí di òní, kò sì tíì ṣubú mọ́. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Kékeré fún ohun tí mo rò sí i, ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo rò ó.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ni pé bí ìsinmi bá dé, kí olúkúlùkù yan iṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìlú rẹ̀, ìbáà ṣe télọ̀, kápẹ́ńtà tàbí alágbẹ̀dẹ, kí ó jókòó tì wọ́n, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá wọn rìn. Bí ọdún márùn-ún bá fi tẹ̀ lé ara wọn tí a ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ wa yóò ní ìwé ọ̀rọ̀ tí kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ire o.