Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọlọ́dún Méjì, Èdè Faransé àti Ọ̀rọ̀ Ibodè Wa

 Ẹ̀rín ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́sẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, pè wá láti ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Ó ní òun ti wọ community college, pé ọ̀rọ̀ àgbáyé àti èdè ilẹ̀ òkèèrè ni òun fẹ́ kọ́. Bí bàbá mi ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ó wo màmá mi, ó ní, "Kọ́lẹ́ẹ̀jì kẹ̀? Ọmọ ogún ọdún ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má bá wa wí. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí èèyàn bá pe kọ́lẹ́ẹ̀jì, ilé-ẹ̀kọ́ girama la máa ń rò. Bí wọ́n bá wá fi community síwájú rẹ̀, ó di Community High School lójú wa nìyẹn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mi padà sẹ́yìn ni.

Ìgbà tí èmi fúnra mi fẹ́ yọ Faransé kúrò nínú àwọn iṣẹ́ tí mo máa ṣe ní WAEC ni mo tó jókòó bi í léèrè ọ̀rọ̀ náà dáadáa lórí WhatsApp. Ohun tó ṣàlàyé fún mi, àti èyí tí mo kà kún un, ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Kí ni community college?

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni, kì í ṣe girama. Ẹni tó ti jáde girama ló ń wọ ibẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àdúgbò ló sábà máa ń dá a sílẹ̀, kí àwọn ará ìlú lè rí ibi kàwé nítòsí ilé wọn. Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn ti ìjọba tó ṣì wà dòní ni Joliet Junior College ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ọdún 1901 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 1947, ìgbìmọ̀ kan tí Ààrẹ Truman yàn lórí ètò ẹ̀kọ́ gíga dámọ̀ràn pé kí irú rẹ̀ pọ̀ sí i káàkiri, ìgbà yẹn sì ni orúkọ náà, community college, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Lónìí, wọ́n tó nǹkan bíi 1,000 ní Amẹ́ríkà.

Ohun mẹ́ta ló mú un yàtọ̀ sí yunifásítì. Àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í béèrè máàkì gíga kí wọ́n tó gba èèyàn. Wọ́n kàn lè dán ẹ wò láti mọ kíláàsì tó yẹ ẹ́. Ìkejì, owó rẹ̀ kéré sí ti yunifásítì, pàápàá fún ẹni tó ń gbé ní àdúgbò náà. Ìkẹta, ọdún méjì ni. Ẹni tó bá ṣe nǹkan bíi 60 kírẹ́dìtì níbẹ̀ yóò gba ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní associate degree. Oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì sábà máa ń jẹ́ 120 kírẹ́dìtì. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ìdajì ọ̀nà ni. Tí yunifásítì bá gba kírẹ́dìtì náà, ọdún kẹta ni yóò ti máa bá a lọ.

Ẹ má rò pé nǹkan àjèjì ni. Àwa náà ní ohun tó jọ ọ́. Ẹni tó bá ṣe NCE fún ọdún mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni lè gba Direct Entry, kó sì wọ yunifásítì ní 200 level. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni, ibì kan náà ló já sí.

Kí ni ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ níbẹ̀?

Ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó ń lọ kíláàsì nírọ̀lẹ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ìtàn àgbáyé, ètò ọrọ̀-ajé, ètò ìṣèlú àti Faransé. Ní ọdún kejì, ó fi ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè kún un, Faransé sì ń bá a lọ.

Mo bi í pé kí ni ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè yìí gan-an. Dípò kó dá mi lóhùn, ó bi mí pé, "Ṣé o rántí ìgbà tí wọ́n ti ibodè Ìdìròkò?"

Ta ni kò rántí nínú wa? Oṣù kẹjọ 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ibodè orí ilẹ̀. Wọ́n ní nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì ni, àti àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n ń kó wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Wọ́n ṣí Sèmè àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní oṣù kejìlá 2020. Tiwa níbí di oṣù kẹrin 2022. Ní gbogbo àkókò yẹn, màmá mi tó ń ra ọjà ní òdìkejì kò rí ọ̀nà gbà. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Maryland nìyẹn: ta ló láṣẹ láti ti ibodè, kí ni àdéhùn tó ti wà nílẹ̀ sọ, ta ni ó ń jẹ nínú rẹ̀, ta ni ó ń jìyà rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń jókòó sọ ọ́ títí ibodè á fi ṣí.

Àdéhùn sì wà nílẹ̀. Ní ìlú Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní 28 oṣù karùn-ún 1975. Ní 1979, wọ́n fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Èdè mẹ́ta ni ECOWAS ń lò: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti èdè Potogí. Nígbà tí Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní oṣù kìn-ín-ní 2025, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ ilẹ̀ tí Faransé ṣàkóso rí. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé, ohun tí ẹlòmíì bá túmọ̀ fún un ló máa gbọ́.

Wákàtí mélòó ni èdè ń gbà?

Ìbéèrè yìí ló yí mi lọ́kàn padà. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, Foreign Service Institute, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń lọ ṣojú wọn nílẹ̀ òkèèrè ní èdè. Ìṣirò wọn ni pé ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílò nǹkan bíi 600 sí 750 wákàtí ní kíláàsì kó tó lè fi Faransé ṣiṣẹ́ dáadáa. Lárúbáwá, èdè Ṣáínà, ti Japan àti ti Kòríà ń gba nǹkan bíi 2,200.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe Faransé ní wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 15 ní sáà kan. 60 wákàtí nìyẹn. Sáà mẹ́rin á jẹ́ 240.

Àwa ńkọ́? Ìgbà méjì lọ́sẹ̀ ni tiwa, ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀kan. Tí a bá fi ọ̀sẹ̀ 36 ṣírò ọdún kan, wákàtí 48 ni. Láti JSS1 dé SS3, ó di 288.

Ẹ tún un kà. Wákàtí tiwa ju tirẹ̀ lọ! Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n mi ń bá àwọn oníbàárà tó wá láti Senegal sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tí èmi kò lè kọjá "Bonjour, ça va"? Mo bi í. Ó ní olùkọ́ àwọn kò gba Gẹ̀ẹ́sì láyè láti ọjọ́ kejì. Kálukú gbọ́dọ̀ la ẹnu. Bí o bá ṣìnà, wọ́n á tún un ṣe, ìwọ náà á tún un sọ. Fún wákàtí kan tí wọ́n bá lò ní kíláàsì, wọ́n ń retí pé kó fi méjì kà á nílé. Ìyẹn fi 480 kún 240, ó di 720. Àwa, nóòtì la máa ń dà kọ. Tí aago bá ti lù, a ti pa ìwé dé.

Ohun tí ẹnu Yorùbá ti ní tẹ́lẹ̀

Ó tún sọ ohun kan tó wú mi lórí. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n gbọ́ láti kékeré máa ń jìjàkadì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi "bon". Òun kò ṣe wàhálà kankan, torí fáwẹ̀lì àránmúpè wà nínú Yorùbá: ìbọn, ẹ̀fọn, àgbọn. Wọ́n ń da "é" àti "è" pọ̀. Lójú tiwa, "e" àti "ẹ" ni. Ohun tó nira fún un ni "u" ti "tu", torí kò sí lẹ́nu wa, àti ọ̀rọ̀ akọ pẹ̀lú abo. Ní Yorùbá, "ó" la máa ń pe ọkùnrin, "ó" náà la máa ń pe obìnrin. Faransé ní tábìlì pàápàá, obìnrin ni! Ìyẹn, àfi kéèyàn há a sórí.

Ilẹ̀kùn kékeré

Ẹni tó bá ń fojú kéré ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì, kó gbọ́ nípa Jeane Kirkpatrick. Stephens College ní ìpínlẹ̀ Missouri ló kọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe ti ìjọba àdúgbò, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì ni nígbà náà. Láti ibẹ̀ ló lọ sí Barnard College ní New York, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia. Ní 1981, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣojú Amẹ́ríkà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ló ń dé yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kéèyàn tètè béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tó fẹ́ lọ, kó sì gba ìdáhùn ní kíkọ sílẹ̀, pé èwo nínú àwọn kọ́ọ̀sì náà ni wọ́n máa kà fún un. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè tún iṣẹ́ kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tún mọ̀ pé ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ kì í san iye tí ará àdúgbò ń san; tiwa wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Físà akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀rí owó lọ́wọ́ tún wà níbẹ̀. Torí náà, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni di ẹrù lọ́la o.

Kí wá ni mò ń sọ?

Mò ń sọ pé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi gba òkun kọjá lọ kọ́ wà lẹ́nu géètì wa. Ní 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé jókòó lórí tábìlì, wọ́n pín ilẹ̀ yìí. Wọn ò bi àwọn bàbá ńlá wa. Kétu àti Sakété bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé, àwa bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba tiwọn, Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́.

Ní oṣù tó kọjá, màmá mi mú ìwé kan bọ̀ láti òdìkejì. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ìwé gbèsè ni, pé kí wọ́n wá san 5,000 sẹ́fà. Wọ́n ti ń ka owó. Mo gba ìwé náà wò. Mi ò lóye gbogbo rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo rí "payé", mo sì rí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Rìsíìtì ni! Wọ́n ti san án. Màmá mi wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé èyí tí o fẹ́ fi sílẹ̀ nìyẹn?"

A tó mẹ́tàlélógún tí a bẹ̀rẹ̀ Faransé ní SS1. Mẹ́fà péré ló kù. Orúkọ mi ti kúrò nínú mẹ́fà yẹn tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá olùkọ́ wa, mo ní kí wọ́n bá mi dá a padà. Bàbá mi kò tíì gbà tán. Wọ́n ní Faransé kò lè bọ́ èèyàn. Mo ní kí wọ́n bi màmá mi.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù WAEC pa. Ẹ̀yin tí ẹ ti yọ ọ́, ẹ ro ó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ máa dúró, ẹ wá bá wa lábẹ́ igi máńgòrò ní àsìkò ìsinmi. Òfin kan péré ló wà níbẹ̀: kò sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ ká jọ máa ṣìnà, ká sì jọ máa tún un sọ.

Ìbéèrè fún yín
1. Tí a bá fi ìdajì wákàtí sọ Faransé lójoojúmọ́ ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ 36, wákàtí mélòó ni yóò fi kún 48 wa?
2. Dárúkọ èdè mẹ́ta tí ECOWAS ń lò.
3. Bi ẹnì kan nílé yín: kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ wọn nígbà tí wọ́n ti ibodè? Kọ ìdáhùn rẹ̀ wá, a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.